Ọ̀fìnkìn Tí Ó Kọ̀ Tí Kò Lọ

Nínú kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kan tí mo ń bójú tó nítòsí ọjà Dantokpa, ní ìlú Kútọnu, ìyá kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Aláta. Ata àti tòmátì ni ó ń tà. Ó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ púpọ̀, kì í sì í pa kíláàsì jẹ. Síbẹ̀, orí àga tí ó wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá fèrèsé, ni ó máa ń jókòó sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a jókòó ní méjì méjì. Òun nìkan ni ó máa ń dá jókòó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ní kí ó bọ́ síwájú kí ó lè rí ojú pátákó dáadáa. Ó fi etí ìborùn rẹ̀ bo imú, ó sì rọra dá mi lóhùn pé: «Ẹ má bínú, Olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí n wà níbí. Imú mi ń rùn, n kò fẹ́ kí ó yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu.»

Lẹ́yìn kíláàsì, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ihò imú rẹ̀ ti apá ọ̀tún ti dí. Ikun tí ó nípọn bí ọyún ń jáde níbẹ̀, òórùn rẹ̀ kò sì dára. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún ń wúwo, ó sì máa ń dùn ún bí ó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣa ata. Ọyẹ́ ni ó kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù. Lẹ́yìn náà ó ní eruku ọjà ni, ó tún ní èéfín zémidjan ni. Nígbà tí ọyẹ́ lọ tí àìsàn kò bá a lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra oògùn lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri: hóró méjì lónìí, hóró méjì ní ọ̀túnla. Bí ó bá ti lò ó, ara a fúyẹ́ díẹ̀. Bí ó bá dá a dúró, ikun a tún padà.

Orúkọ oògùn náà ni amoxicillin. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn. A óò padà sórí rẹ̀.

Yàrá inú egungun ojú

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí a mọ ibi tí àìsàn yìí ń gbé. Egungun ojú wa kò ki bí òkúta. Àwọn ihò kan wà nínú rẹ̀ tí ó kún fún afẹ́fẹ́, bí yàrá inú ilé. Àwọn oníṣègùn ń pè wọ́n ní sínúsì. Oríṣi mẹ́rin ni wọ́n, oríṣi kọ̀ọ̀kan sì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Àwọn kan wà ní iwájú orí, lókè ojú. Àwọn kan wà láàárín ojú méjèèjì. Àwọn tí ó tóbi jù wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, lábẹ́ ojú. Àwọn tí ó kù wà ní jíjìn, lẹ́yìn imú.

Yàrá kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà tóóró kan tí ó ṣí sínú imú. Omi díẹ̀ tí ó ń yọ̀ máa ń sun níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ń gba ẹnu ọ̀nà náà jáde, ó sì ń kó eruku àti kòkòrò lọ. Nígbà tí ọ̀fìnkìn bá mú wa, ara inú imú a wú, ẹnu ọ̀nà a sì dí. Omi tí kò rí ọ̀nà jáde a dúró sójú kan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà Dantokpa ní àsìkò òjò, ẹ mọ ohun tí omi tí kò rí ọ̀nà gbà lọ máa ń dà.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kòkòrò tí ń fa ọ̀fìnkìn ni èyí tí a ń pè ní fáírọ́ọ̀sì. Amoxicillin kò lè pa á. Ara fúnra rẹ̀ ni ó ń lé e lọ, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni kòkòrò mìíràn, tí a ń pè ní bakitéríà, máa ń wọ inú omi tí ó dúró náà. A lè fura sí i bí ọ̀fìnkìn bá kọjá ọjọ́ mẹ́wàá tí kò dẹwọ́, tàbí bí ó bá sàn díẹ̀ tí ó sì tún le padà, tàbí bí ibà gbígbóná, ọyún àti ìrora ojú bá jọ dé pọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àwọn bakitéríà tí ó wọ́pọ̀ níbẹ̀ kì í ṣòro wò bí a bá lo oògùn tí ó tọ́ ní ìwọ̀n tí ó tọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí wọn kò wọ́pọ̀. Wọn kì í yára, wọn kì í sì í pariwo. Ọ̀kan nínú wọn ni ó wà lára Ìyá Aláta.

Dókítà tí ó béèrè ọ̀rọ̀ eyín

Ó gba ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó gbà láti lọ sí ilé ìlera àdúgbò. Ẹ̀rù owó ń bà á, ojú sì ń tì í. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti fi í ránṣẹ́ sí dókítà tí ń wo etí, imú àti ọ̀fun, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní ORL. Èmi àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ni a sìn ín lọ.

Dókítà béèrè pé: «Màmá, ṣé ihò imú méjèèjì ni, àbí ọ̀kan?» Ó dáhùn pé ti apá ọ̀tún nìkan ni. Dókítà ní: «Eyín yín ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lanu kí n wò ó.»

Ó yà wá lẹ́nu. Ṣùgbọ́n eyín ńlá kan wà lókè lápá ọ̀tún, tí ó ti jẹrà láti nǹkan bí ọdún méjì. Ó máa ń dun ìyá náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí kò dùn ún mọ́, ó rò pé ó ti sàn ni. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé abẹ́ yàrá ẹ̀rẹ̀kẹ́ gan-an ni gbòǹgbò àwọn eyín ńlá òkè wà. Egungun tí ó pààlà sáàárín wọn lè fẹ́lẹ́ bí ìwé. Bí eyín bá jẹrà dé gbòǹgbò, kòkòrò inú rẹ̀ lè gba ibẹ̀ gòkè. Nítorí náà, bí ihò imú kan ṣoṣo bá ń rùn lára àgbàlagbà, ó yẹ kí a yẹ eyín rẹ̀ wò. Bí ó bá ṣe ọmọ kékeré ni, ó yẹ kí a wò ó bóyá ó ti ki ìlẹ̀kẹ̀ tàbí hóró àgbàdo bọ imú.

Wọ́n ya fọ́tò egungun ojú rẹ̀, wọ́n sì rí i pé yàrá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ti kún. Wọ́n yọ eyín náà, wọ́n ṣí yàrá náà, wọ́n sì fọ̀ ọ́ mọ́. Wọ́n bu díẹ̀ nínú ẹran ara tí ó ti bàjẹ́, wọ́n fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé, orúkọ gígùn kan wà lórí ìwé: actinomycose.

Kòkòrò tí ń gbé ẹnu gbogbo wa

Kì í ṣe àìsàn tuntun. Ní ọdún 1877, ní ilẹ̀ Jámánì, Otto Bollinger ṣàpèjúwe rẹ̀ lára àwọn màlúù tí egungun àgbọ̀n wọn wú. Ní ọdún 1878, James Israel, oníṣẹ́ abẹ ní ìlú Berlin, ṣàpèjúwe rẹ̀ lára ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọrùn ni ó máa ń bá jà. Kì í sábà wọ inú sínúsì.

Kòkòrò tí ń fà á kò ti òkèèrè wá. Ó ń gbé ẹnu àwọn ènìyàn tí ara wọn le, kò sì ń pa wọ́n lára. Kò fẹ́ afẹ́fẹ́. Bí eyín bá jẹrà, tàbí tí ojú ibi tí a ti yọ eyín bá di ọgbẹ́ tí kò jiná, ó lè rí ọ̀nà wọlé sí ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé, kí ó sì tẹ̀dó síbẹ̀. Ó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń di ara rẹ̀ ní ṣùùrù kéékèèké, tí a lè rí nínú ọyún nígbà mìíràn bí iyanrìn aláwọ̀ òfeefèé. Oògùn kì í tètè wọ inú ṣùùrù bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́jú rẹ̀ fi ń pẹ́.

Nígbà tí dókítà sọ pé àìsàn náà kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn, Ìyá Aláta mí kanlẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni ó ti fi dá jókòó nítorí ohun tí kò lè ran ẹnikẹ́ni.

Oògùn kan náà

Báwo ni a ṣe ń wo àìsàn yìí? Lẹ́yìn tí a bá ti fọ ibi tí ó wà mọ́, abẹ́rẹ́ penicillin sínú iṣan ni ó máa ń ṣáájú, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni aláìsàn yóò máa gbé oògùn mì fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó sábà máa ń tó oṣù mẹ́fà, ó sì lè tó ọdún kan. Ẹni tí penicillin kò bá lára mu gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, nítorí oògùn mìíràn wà fún un.

Oògùn wo ni dókítà kọ fún Ìyá Aláta láti máa gbé mì? Amoxicillin ni. Oògùn tí ó ti ń rà ní ọjà láti oṣù mẹ́rin ni.

Inú bí i. Ó ní: «Dókítà, mo ti lò ó, lò ó, kò ràn mí.» Dókítà dá a lóhùn pé oògùn náà kò jẹ̀bi. Ohun mẹ́ta ni kò sí níbẹ̀. Àkọ́kọ́, a kò mọ irú kòkòrò tí a ń bá jà. Èkejì, eyín tí ó jẹrà ṣì wà níbẹ̀, ọyún sì ṣì wà nínú yàrá. Ẹ̀kẹta, ìwọ̀n oògùn kò pé, ọjọ́ rẹ̀ kò sì pé. Ó fi kún un pé oògùn díẹ̀díẹ̀ a máa bo àìsàn mọ́lẹ̀. Ìrora a dínkù, aláìsàn a rò pé òun ń sàn, yàrá àyẹ̀wò pàápàá lè má rí kòkòrò náà dáadáa mọ́.

Nígbà tí a padà sí kíláàsì, ó gbà kí a fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ìṣirò. Hóró 2 ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ jẹ́ 6. Ọ̀sẹ̀ 16 ni ó fi rà á. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún 6 jẹ́ 96. Ó ti gbé hóró 96 mì! Ní 100 fàráǹkì fún hóró méjì, owó rẹ̀ jẹ́ 4 800 fàráǹkì. Ẹ jẹ́ kí a wá fi wé ìtọ́jú àìsàn tí ó wọ́pọ̀. Bí dókítà bá kọ hóró 3 lójúmọ́ fún ọjọ́ 7, hóró 21 péré ni. Ohun tí ó tó ìtọ́jú mẹ́rin ni ìyá yìí ti gbé mì, kò sì rí ìtọ́jú kan ṣoṣo gbà. Bí ó bá ti lo 21 náà tán ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí kò sàn, ìyẹn nìkan ìbá ti jẹ́ kí dókítà fura pé àìsàn tí kò wọ́pọ̀ ni.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà.

Ajégúnlẹ̀

Kì í ṣe Ìyá Aláta nìkan. Ohun tí ó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Apá kan wà ní Dantokpa tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Adjégounlè. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí orúkọ náà ń wí: Ajé gúnlẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, oògùn ni a ń tà níbẹ̀ lórí àtẹ, nínú oòrùn àti ọ̀rinrin, láìsí ìwé dókítà. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2009, Kútọnu níbí ni Jacques Chirac, ààrẹ ilẹ̀ Faransé tẹ́lẹ̀, ti bá àwọn olórí Áfíríkà pe ìpè sí gbogbo ayé láti gbógun ti ayédèrú oògùn. Ní oṣù kejì ọdún 2017, àwọn agbófinró wọ Adjégounlè. Oògùn tí wọ́n kó ní orílẹ̀-èdè wa nígbà náà lé ní 80 tọ́ọ̀nù. Ní ọdún 2017 kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé nínú oògùn mẹ́wàá ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀, ó tó ọ̀kan tí ó jẹ́ ayédèrú tàbí tí kò dára tó.

Ayédèrú oògùn burú. Ṣùgbọ́n oògùn gidi tí kò pé ìwọ̀n náà léwu. Alexander Fleming ni ó ṣàwárí penicillin ní ọdún 1928. Nígbà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1945, ó kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá lo oògùn náà ní ìwọ̀n tí kò tó ń kọ́ àwọn kòkòrò bí wọn yóò ṣe máa dúró níwájú oògùn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì lè fi kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́ ran ìyàwó rẹ̀. Ó dà bí ẹni tí ó gé orí koríko tí ó fi gbòǹgbò sílẹ̀: èyí tí ó le jù ni yóò tún hù.

Àwọn àìsàn imú mìíràn tí kò wọ́pọ̀

Ẹ jẹ́ kí a mẹ́nu kan méjì sí i. Àkọ́kọ́ ni rhinosclérome. Anton von Frisch rí kòkòrò rẹ̀ ní ìlú Vienna ní ọdún 1882. A máa ń rí i ní Íjíbítì, ní àwọn apá kan ilẹ̀ Áfíríkà, àti ní Amẹ́ríkà Àárín. Ó ń bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀fìnkìn tí ń rùn, tí èépá ń dì nínú imú. Lẹ́yìn náà, imú a máa wú, a máa ṣẹ̀jẹ̀. Bí ó bá pẹ́, ó lè di àpá líle tí ń dí ọ̀nà èémí. Oògùn rẹ̀ ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, iṣẹ́ abẹ sì lè bá a lọ.

Èkejì ni ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí gbogbo wa mọ̀ pé ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń bá jà. Kì í sábà wọ imú àti sínúsì, ṣùgbọ́n ó lè wọ̀ wọ́n. Lọ́pọ̀ ìgbà, oṣù mẹ́fà ni a fi ń lo oògùn rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn náà ní ilẹ̀ Benin.

Kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn. Àyẹ̀wò ni ó ń sọ orúkọ wọn. Hóró oògùn tí a rà láìmọ orúkọ àìsàn dà bí lẹ́tà tí a kọ láìmọ ilé ẹni tí yóò gbà á.

Ohun tí a lè ṣe

Bí ọ̀fìnkìn lásán bá mú yín, ẹ sinmi, ẹ mu omi dáadáa. Ẹ lè fi omi oníyọ̀ díẹ̀ fọ imú, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ omi tí a sè tí ó ti tutù. Ẹ tọ́jú eyín yín, kí ẹ má sì rò pé eyín tí ó jẹrà ti sàn nítorí pé kò dùn mọ́.

Bí ó bá kọjá ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ lọ sí ilé ìlera. Bí ihò imú kan bá ń rùn, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lemọ́lemọ́, tàbí bí ọ̀fìnkìn bá wọ oṣù kẹta, ẹ ní kí wọ́n fi yín ránṣẹ́ sí dókítà ORL. Ní Kútọnu, irú dókítà bẹ́ẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba, CNHU Hubert Koutoukou Maga.

Ẹ má dúró di ọjọ́ kejì bí ìpéǹpéjú bá wú tí ó sì pọ́n, bí ẹ bá ń rí ohun kan ní méjì, bí iwájú orí bá wú, bí ọrùn bá le pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí líle, tàbí bí aláìsàn bá ń sọ ìsọkúsọ. Ojú àti ọpọlọ kò jìnnà sí àwọn yàrá wọ̀nyí. Àìsàn tí ó wà nínú wọn lè fọ́ ojú, ó sì lè pa ènìyàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ lo ìmọ̀ yín. Ẹ ka ara páálí oògùn. Ẹ wá orúkọ rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó bá èyí tí ó wà lórí ìwé dókítà mu. Ẹ wá lẹ́tà mẹ́ta yìí: EXP. Oṣù àti ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ìgbà tí oògùn náà kò ní wúlò mọ́. Kí ẹ tó kúrò ní ilé ìtajà oògùn, ẹ ka iye hóró, kí ẹ sì ṣe ìṣirò yín: iye lójúmọ́, ní ìlọ́po iye ọjọ́. Bí owó kò bá tó, ẹ sọ fún dókítà tàbí olùtajà oògùn, kí ẹ béèrè èyí tí owó rẹ̀ kéré. Ìyẹn sàn ju kí a ra ìdajì lọ.

Ti Ìyá Aláta, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú àjọ ni wọ́n gbé owó fún un ṣáájú kí ó tó kàn án. Ó lẹ kàlẹ́ńdà kan mọ́ ara ògiri ìsọ̀ rẹ̀. Lójoojúmọ́, bí ó bá ti lo oògùn tán, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń fi gègé fa ìlà sórí ọjọ́ náà. Nígbà tí mo ń kọ ìwé yìí, ó ti fa ìlà oṣù márùn-ún. Imú rẹ̀ kò rùn mọ́. Ní kíláàsì, iwájú ni ó ń jókòó báyìí, òun àti ìyá kan tí ń ta gààrí, lórí àga kan náà.

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ẹ kú ọjà o.